Ọwọ́ Rẹ̀ Wà Lápá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Màmá ní yàrá ìwádìí wa, ẹ wá àga jókòó lé kí ẹ tó ka èyí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbọ́ ní ìdúró. Dókítà tó ń tọ́jú kíndìnrín mi ti sọ ọ̀rọ̀ bí àwọn dókítà ṣe ń sọ ọ́. Ó wo ìwé, ó wo fèrèsé, kò wo ojú mi, mo sì mọ ohun tó ń wí. Ikú kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìyìn tí ẹ máa yìn mí bí mo bá lọ tán, nítorí mo mọ̀ yín, ẹ máa ní olóòótọ́ ni mí, ẹ máa ní n kì í fàyè gba ìrẹ́jẹ nínú iṣẹ́, àwọn kan nínú yín á sì sunkún. Ẹ má tíì sunkún. Mo ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ nínú yàrá tí ẹ ń lò yẹn, mo sì ń jẹun lórí rẹ̀ láti ìgbà náà wá. Ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja, kò sọ̀ kalẹ̀, kò jáde. Lónìí ni mo fẹ́ pọ̀ ọ́ síta lójú gbogbo yín, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa irọ́ fún òkú mi.

Ẹ̀yin mọ iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n ìwé kì í mọ ẹni tó máa kà á, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá tó bí mi, tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí. Nínú ara gbogbo ohun abẹ̀mí ni okùn kan wà tí wọ́n fi fọ́nrán méjì lọ́ pọ̀, òun là ń pè ní DNA. Orí rẹ̀ ni a kọ bí ara ṣe máa rí sí. Bí ara bá fẹ́ dàgbà, ó gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà okùn náà, kò sì lè ṣe é láìjẹ́ pé fọ́nrán méjèèjì kọ́kọ́ yà kúrò lára ara wọn. Purotéènì kan tó rí bí òrùka, tó ń ṣiṣẹ́ bí mọ́tò, ló ń yà wọ́n. Ó máa ń di fọ́nrán kan mú, á jẹ epo tí ara ń fún un, á sì máa tú okùn náà bó ṣe ń lọ síwájú. Ìyá mi ní, àṣé bí ẹni ń tú irun dídì ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àfi pé ẹni tó ń tú irun yìí kò lójú, kò lọ́wọ́, kò sì mọ̀ pé òun ń tú nǹkan kan. Atúkùn là ń pè é láàárín ara wa.

Láti rí Atúkùn lẹ́nu iṣẹ́, a máa ń so ìdí okùn kan mọ́ gíláàsì, a ó so ìdí kejì mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan tó kéré ju eruku lọ, a ó sì fi ìtànṣán iná kan tó lágbára di ìlẹ̀kẹ̀ náà mú. Bí Atúkùn bá ṣe ń tú okùn, okùn á máa gùn sí i, ìlẹ̀kẹ̀ á máa sún, ẹ̀rọ á sì máa ya ìlà kan sójú kọ̀ǹpútà. Bí ìlà bá ń gòkè, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Bí Atúkùn bá já bọ́, okùn á lọ́ mọ́ra padà, ìlà á ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń wò ó á jókòó sínú òkùnkùn lẹ́yìn aṣọ dúdú tó nípọn, kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kilẹ̀. Bó bá wúkọ́, ìlà náà á bá a wúkọ́. Iṣẹ́ adánìkanwà ni, ó sì bá mi lára mu. Ọkọ mi kú nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń pè wá ní tọkọtaya tuntun, kò fi ọmọ sílẹ̀. Àwọn ẹbí ní kí n fẹ́ ẹlòmíràn, mo ní mò ń bọ̀, mo wọ yàrá dúdú lọ, n kò sì jáde mọ́.

Ohun tí mo fi gbogbo èwe mi wá rí níbẹ̀ ni pé Atúkùn kì í padà sẹ́yìn. Ó lè lọ síwájú, ó lè dúró, ó lè já bọ́, kì í padà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi púpọ̀, wọ́n sì sọ mí ní Ìyá Akìípadà. Wọ́n á ní bí mo bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé, n kò ní padà lọ mú un, ẹnu ọ̀nà ni màá sùn. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin kò tíì mọ bó ṣe ń rí kí obìnrin tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, ní gbólóhùn kan ṣoṣo tí í ṣe tirẹ̀ láyé.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan dé bá wa, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ọ̀gá wa, bàbá kan tó máa ń sùn nínú ìpàdé tí á sì jí wá béèrè ìbéèrè tó le jù, ló fi í sábẹ́ mi. Ìlẹ̀kẹ̀ tí àwa máa ń fi gbogbo òwúrọ̀ lé kiri, ọmọ náà á kàn fọwọ́ kan bọ́tìnnì tí à ń yí láti darí iná náà báyìí, á ti mú un. Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ la sọ ọ́. N kò kọ orúkọ rẹ̀ gan-an síbí torí n kò tíì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí ibi gbé, ilé mi sì ní yàrá kan lẹ́yìn tó jẹ́ pé àpótí nìkan ló ń sùn níbẹ̀. Mo ní kó máa bọ̀. Kò pẹ́ tí èmi tí mo ti ń jẹun ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ tábìlì. Ó máa ń gbàgbé láti paná, ó máa ń fi irun sílẹ̀ nílé ìwẹ̀, ó máa ń kọ orin tí kò mọ̀ tán. Mo máa ń kùn ṣáá. Láti ìgbà tí mo ti sin ọkọ mi, inú mi kò dùn tó ìgbà tí mò ń kùn yẹn.

Ìyá rẹ̀ máa ń pè lórí fóònù. Opó ni òun náà, òun nìkan ló tọ́ ọmọ yìí dàgbà. Á kí mi, á kí mi, á tún bẹ̀rẹ̀ ìkíni látorí. Nígbà àkọ́kọ́ tó pè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, n ò mọ̀ yín lójú, ṣùgbọ́n mo ti fà á lé yín lọ́wọ́. Bó bá ṣe ohun tí ò dáa, ẹ bá a wí bí ọmọ yín. N ò lówó tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún un. Ohun tí mo kọ́ ọ náà ò ju pé kó má purọ́ lọ.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọmọ mi ni.

Ọ̀sán gangan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀sán lẹ́yìn aṣọ dúdú. Mo wọlé wá wo bí Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ ṣe ń ṣe sí, mo jókòó tì í. Ìlà ń gòkè lọ jẹ́jẹ́. Ó dúró. A ń retí kó ṣubú. Kò ṣubú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe rọra gòkè náà ló ṣe ń rọra sọ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé tó ń padà lọ mú un. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi lápá mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ó ní, “Àǹtí, ẹ wò ó. Ó ń padà.” Mo wò ó. Mo rí Atúkùn tó ń padà, tó ń jẹ́ kí okùn lọ́ mọ́ra níwájú rẹ̀, tó dúró, tó sì tún gbéra síwájú. Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òótọ́ ni. Ẹni tó bá ti wo nǹkan pẹ́ bíi tèmi kì í ṣì í mọ̀. Mo ní, “Ilẹ̀ ló mì. Ó jọ pé wọ́n ń wọ́ nǹkan lókè.” Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì wúwo ju ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ.

Kò gbà pé ilẹ̀ ni. Ó tún un ṣe, ó tún rí i, ó lọ sọ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá kò sùn nínú ìpàdé ọjọ́ náà. Ó dìde, ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ní bí èyí bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ẹ̀rọ kékeré yìí lè padà sẹ́yìn kó tún gbìyànjú bó bá kan ibi tí okùn ti bàjẹ́. Ó wá rántí mi, ó ní, “Ìyá Akìípadà, a máa wá orúkọ tuntun fún ẹ báyìí.” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in. Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ó sì tẹrí ba bí ọmọ tó fọ́ àwo ìyá rẹ̀. Nígbà tí a délé, ó ní òun á fi orúkọ mi ṣáájú tòun lórí iṣẹ́ náà, pé èjìká mi ni òun gùn tí òun fi rí ohun tí òun rí. Mo ní kò sí wàhálà, mo bu oúnjẹ fún un, mo sì wọ yàrá mi lọ. Ìlara ni, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, mo sì ń ṣe ìlara rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń gbé inú kan náà, wọn kò sì bá ara wọn jà rárá.

Ẹ mọ òfin wa lórí omi. Omi tí a fi ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe omi lásán. Oríṣiríṣi iyọ̀ la máa ń pò sí i, pàápàá mágínísíọ̀mù, nítorí bí kò bá sí mágínísíọ̀mù níbẹ̀, Atúkùn kò lè jẹ epo rẹ̀. Kálukú ló ní ìgò tirẹ̀ tó ki, ìyá omi là ń pè é, inú rẹ̀ la sì ti ń bù pò mọ́ omi mímọ́ bí a bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Bí o bá yọ́ epo ẹlẹgbẹ́ rẹ lò, wọ́n á bú ọ, wọ́n á sì gbàgbé. Ìyá omi ẹlòmíràn ni ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Ẹni tí ìyá omi rẹ̀ bá sì ti ṣiṣẹ́ dáadáa kì í dà á nù láàárín iṣẹ́, kí èsì òní lè bá tàná dọ́gba. Oògùn kan wà lórí pẹpẹ tí gbogbo wa ń lò bí a bá fẹ́ dá iṣẹ́ dúró, adádúró la máa ń pè é. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń gbá mágínísíọ̀mù mú, kò ní jẹ́ kó ráyè fún ohunkóhun mọ́. Ó mọ́ bí omi, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn.

Ó ku díẹ̀ kí àwọn àgbà onímọ̀ kan wá láti ibòmíràn láti fojú rí iṣẹ́ ọmọ náà. Gbogbo ilé ti lọ jẹun ọ̀sán. Mo dúró níwájú pẹpẹ rẹ̀, mo ṣí ìyá omi rẹ̀, mo da adádúró sí i, mo mì í, mo dé e padà. Kò gbà mí pẹ́ ju kí ènìyàn kí ará ilé rẹ̀ lọ. Mo sọ fún ara mi pé ohun díẹ̀ ni, kí àwọn àlejò sáà wá kí wọ́n lọ, kí n lè ráyè ronú ohun tí èmi náà máa kọ. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gbọ́ “ohun díẹ̀ ni” lẹ́nu ara yín, ẹ sá. N kò tíì rí ẹni tó ba nǹkan jẹ́ tó ní òun fẹ́ bà á jẹ́ púpọ̀.

Àwọn àlejò dé, ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n mu tíì, wọ́n wo aago, wọ́n lọ. Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ ní bóyá purotéènì náà ti kú. Ó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣe òmíràn, kò mira. Ó pààrọ̀ okùn, ó pààrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀, ó tú gbogbo iná palẹ̀, ó sì tún wọn tò. Kò sí ohun tí kò yẹ̀ wò tán àfi ìyá omi rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló pò ó, ó ti ṣiṣẹ́ rí, òfin sì ní kó má dà á nù. Èmi ni mo kọ́ ọ ní òfin náà. Ìṣọ́ra tí mo kọ́ ọ ni mo fi dè é. Ó ń bi mí pé, kí ni mo rò pé òun ń ṣe tí kò dáa? Màá ní kó fara balẹ̀, màá fi nǹkan gbígbóná sí kọ́ọ̀pù fún un. Ó dákẹ́ orin. Kò gbàgbé láti paná mọ́.

Ọ̀gá wá ní kí èmi fi omi tèmi àti ọwọ́ tèmi dán an wò. Mo dán an wò. Ó padà. Mo jókòó nínú òkùnkùn, èmi nìkan, mo ń wò ó tó ń padà, ó sì rẹwà lójú mi ju gbogbo ohun tí mo ti rí níbẹ̀ lọ. Mo pa ẹ̀rọ, mo jáde sínú ìmọ́lẹ̀, mo sì sọ fún Ọ̀gá pé kò padà. Láti ọjọ́ náà ni ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ náà ti yí padà. Ẹnì kan fi ṣe àwàdà pé irú ìlà tó kọ́kọ́ rí yẹn, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá rọ̀ lè rọra yí bọ́tìnnì kí ó sì yà á fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn tún un sọ, kò rẹ́rìn-ín. Kó tó pẹ́, wọ́n ti pe ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ìrẹ́jẹ nínú iṣẹ́.

Yàrá ìgbìmọ̀ náà ní tábìlì gígùn kan àti àwọn àga tó ń ké bí ènìyàn bá mira. Alága jẹ́ obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò jọ ẹni tó fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lára. Ó bi ọmọ náà bóyá ó fọwọ́ yí bọ́tìnnì. Ọmọ náà ní rárá. Ó ní kí ló fi hàn? Ọmọ náà ronú díẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ lójijì, àfi bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú àpò. Ó ní, “Ẹ bi Àǹtí mi. Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó ń padà, ọwọ́ mi méjèèjì wà lápá wọn.” Gbogbo wọn kọjú sí mi. Alága ní, ṣé lóòótọ́, níbo ni ọwọ́ rẹ̀ wà? Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, “Òkùnkùn ni yàrá náà. N kò rí ọwọ́ rẹ̀.” Ẹ wo bí mo ṣe gbọ́n tó. Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà bí ẹ bá tú u wò. Òkùnkùn ni lóòótọ́. N kò rí ọwọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Mo mọ̀ ọ́n lára ni, ojú èékánná rẹ̀ sì pẹ́ lára mi kó tó lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà, èmi náà ni mo sì fọwọ́ mi yí orí ọmọ náà.

Wọ́n ní òpùrọ́ ni, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lé e. A jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà lọ sílé, nítorí ilé kan náà ni à ń lọ. Ó bẹ̀ mí nínú bọ́ọ̀sì pé kí n má bínú pé òun fa orúkọ mi wọ̀ ọ́. Nígbà tí a délé, ó ń di ẹrù rẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń ká aṣọ, ó sì wá dáwọ́ dúró. Ó ní, “Àǹtí, bóyá mo tiẹ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn lóòótọ́ tí n ò mọ̀. Bóyá bó ṣe wù mí kó rí ló jẹ́ kí n máa rò pé mo dì yín lápá mú.” Bí ẹ bá ń wá ibi tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ dúró síbí. Kò sí ìgbìmọ̀ níbẹ̀, kò sí Ọ̀gá, kò sí ẹni tó máa gbọ́. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ. Mo ní, “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Ó mi orí bí ẹni tó gbà. Ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Ó lọ. Mo da ìyá omi rẹ̀ nù, mo fọ ìgò náà. Ìyá rẹ̀ pè mí lẹ́yìn náà, mo rí nọ́ńbà rẹ̀, n kò gbé e. Ó pè títí ó fi sú u. Ilé wá dákẹ́ débi pé mo máa ń tan iná yàrá ẹ̀yìn sílẹ̀ kí n lè rí ohun tí màá kùn sí, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í lè bá ara rẹ̀ kùn. Mo padà sí ìjẹun ìdúró. Ọdún gorí ọdún, Ọ̀gá kú, mo bọ́ sípò rẹ̀, àwọn onímọ̀ kan lókè òkun sì wá rí i pé Atúkùn ń padà. Mo yára kọ̀wé pé ó ti ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, pé mo ti ṣìnà tẹ́lẹ̀. Wọ́n yìn mí fún ìrẹ̀lẹ̀. Wọ́n ní àgbà tó ń gba àṣìṣe rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀yin dé, ẹ fẹ́ràn mi, ẹ sì máa ń bi mí ìdí tí n kì í fi í gba ẹnikẹ́ni sílé bẹ́ẹ̀ yàrá ń bẹ. Mo máa ń ní ariwo yín ti pọ̀ jù. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. N kò sùn dáadáa rí láti ìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó wà nílé tó lè jí mi.

Lẹ́yìn tí dókítà sọ̀rọ̀, mo wá a lọ. Kò ṣòro láti rí. N kò wá a rí ni. Ilé búrẹ́dì kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú tí kò jìnnà púpọ̀, òun ló ń wọn ìyẹ̀fun fún wọn. Ó mọ̀ mí lójú kan náà. Ó ní, “Àǹtí, ẹ ti rù.” Ó dojú àpótí kan dé fún mi lẹ́yìnkùlé kí n jókòó, ó sì dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, omi, adádúró, bí mo ṣe dán an wò tí ó sì padà, ohun tí mo sọ níwájú ìgbìmọ̀. Kò sunkún, kò pariwo. Ó ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lápá títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó wá bi mí pé, “Ọwọ́ mi wà lápá yín?” Mo ní méjèèjì. Ó ní, “Ó sì padà?” Mo ní ó padà. Mo sọ fún un pé gbogbo ayé ti mọ̀ báyìí pé ó ń padà. Ó ní òun kò gbọ́, pé láti ìgbà tí òun ti kúrò, òun kì í ka ohunkóhun nípa iṣẹ́ náà, ojú máa ń ti òun.

Ó wá sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ọdún ni òun fi bá ìyá òun jiyàn pé òun kò purọ́, ìyá òun kò sì mọ ẹni tí òun máa gbà gbọ́, nítorí ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ó ní, “Nígbà tí màmá mi ń kú lọ, wọ́n ní kí n má jẹ́ káwọn bá iyèméjì yẹn lọ, kí n sọ òótọ́ fáwọn. Mo ní, ẹ dárí jì mí, Màmá, mo purọ́. Mo ti gbà nígbà yẹn pé mo purọ́. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní àwọn dárí jì mí.” N kò mọ ohun tí mo sọ. Mo rò pé mo bẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan pè é nínú ilé, ó ní òun ń bọ̀. Ó ní kí n rọra máa lọ kí oòrùn má bàa mú mi lọ́nà, ó sì wọlé. Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sọ pé òun kò dárí jì mí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín dípò kí n máa dúró de èsì rẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí síta bí mo ṣe kọ ọ́, síbi tí àwọn onímọ̀ ti ń ka iṣẹ́ wa, bí òun bá sì gbà kí orúkọ rẹ̀ jáde, ẹ fi sí i. Ìgbìmọ̀ tó lé e ṣì wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é padà kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é, n kò ní fipá gbà á. Ìyá kan ti fi ìdáríjì tó yẹ kó jẹ́ tèmi jin ọmọ rẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ náà kò dá, ó sì ti lọ, kò sí bí a ṣe lè sọ fún un mọ́. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá rí ohun kan tí ẹ̀yin náà sì rí i, ẹ sọ pé ẹ rí i. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, níwájú ẹni tó bá wà níbẹ̀, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì gbà pé òun rí i.